Ọmọ Ń Bèèrè Hámsítà, Bàbá Ní Eku Ni: Ẹ Jẹ́ Ká Yà Sọ́dọ̀ Ehoro

Ìbéèrè: "Kàbbà là ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọmọ ọdún 4, ọdún 7 àti ọdún 11. Wọ́n rí hámsítà lórí fóònù, wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Bàbá wọn ní òun ò ní kówó sílẹ̀ nítorí eku. Ọdẹ kan ládùúgbò wa ní tí wọ́n bá ti ń sun igbó, òun á bá mi mú ọmọ ehoro bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èwo ni kí n ṣe? Báwo la sì ṣe ń sọ ọ́ di ẹran tó mọ èèyàn, tí kò ní ṣe àwọn ọmọ léṣe?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Bàbá àwọn ọmọ ò jẹ̀bi: ìbátan eku ni hámsítà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Òru ni hámsítà ń jí. Nígbà táwọn ọmọ bá tilé ìwé dé, oorun ló ń sùn, ọmọ tó bá sì jí i, ìka rẹ̀ ló máa fi gbà á. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó wá láti ilẹ̀ Síríà, kì í bá ẹnì kejì gbé: tẹ́ ẹ bá fi méjì sínú àgò kan, ìjà àjàkú ni. Ọdún méjì sí mẹ́ta péré ló ń lò láyé, ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta níbí ò sì ní í jẹ́ kó lò tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kúrò lọ́rọ̀ eku, ẹ bá mi fọwọ́ líle mú èyí. Ọmọ tó bá ń wá hámsítà tí kò rí i lè lọ mú eku kékeré inú oko tàbí ti ẹ̀yìn ilé, kó fi í sínú páálí. Ẹ má gbà á láyè rárá. Eku kan tó ń wọlé tó ń wọ oko, tí abo rẹ̀ ní ọmú púpọ̀ nínú ikùn, òun ló ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè lẹ́yìn tí wọ́n rí i níbẹ̀ lọ́dún 1969. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń kó o ran èèyàn, eku ọ̀hún fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣàìsàn tẹ́ ẹ máa fi mọ̀. Kógì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àìsàn náà ti yọjú.

Ti ọdẹ yẹn ńkọ́? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ má gbà á. Orúkọ kan náà là ń pè wọ́n, àmọ́ ehoro igbó àti ehoro ilé kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ọmọ ehoro igbó máa ń tinú ìyá rẹ̀ jáde pẹ̀lú irun lára, ojú rẹ̀ á ti là, á sì ti múra àtisá. Ọmọ ehoro ilé ń bọ̀ níhòòhò, ojú rẹ̀ ò sì ní í là títí di bí ọjọ́ kẹwàá. Ti igbó kì í gba ọwọ́ èèyàn. Á máa fi orí gbá wáyà, á kọ oúnjẹ, ẹ̀rù nìkan sì tó láti pa á kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ọ̀fẹ́ tó máa pa àwọn ọmọ lẹ́kún ni.

Ehoro ilé ni kẹ́ ẹ rà. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ọdún 8 sí 12 ló lè lò. Ẹ̀yin àti bàbá wọn ní láti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan o: ṣé ti ìṣeré ni àbí ti ọbẹ̀? Ẹran ni ehoro lójú gbogbo wa, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹni tó ń sìn ín fún jíjẹ ò sì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ehoro tí ọmọ bá ti sọ lórúkọ ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò lọ́jọ́ Kérésì torí pé àlejò dé láti Lọ́kọ́ja. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó nawó.

Ohun tó wà nídìí gbogbo ìmọ̀ràn tó kù nìyí: ohun ọdẹ ni wọ́n dá ehoro. Àwòdì ń wá a látòkè, ejò ń wá a látìsàlẹ̀, ajá ń lé e lórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kó lè máa ṣọ́ iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀. Ibì kan ṣoṣo tí kì í rí ni ọ̀gangan imú rẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tó bá ré látòkè wá bá a, èékánná àwòdì ni lójú rẹ̀. Ọwọ́ tó bá sì bọ́ sí i níwájú imú lójijì, kò rí i, ó lè bù ú jẹ. Ẹ ò lè jà á kúrò nínú ẹ̀rù. Àfi kẹ́ ẹ yọ ẹ̀rù náà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà rírà, ẹ má ra èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀pọ̀ olùtà máa ń já wọn lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5 kí owó lè tètè wọlé. Irú wọn ló ń ṣu gbuuru kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n délé tuntun, tí wọ́n á wá máa sọ pé ehoro ò ṣeé sìn. Ilé ẹni tó ń sìn wọ́n ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe inú apẹ̀rẹ̀ ọjà, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ìyá wọn hàn yín. Funfun tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí wọ́n ń pè ní New Zealand White, lè tó kílò 4 tàbí 5 tó bá dàgbà. Ọmọ ọdún 7 ò lè gbé e. Dutch, tó ní ìgbànú funfun yíká èjìká, kì í sábà ju kílò 2 àbọ̀ lọ. Àdàlú ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, torí náà bí ìyá bá ti tóbi sí ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ọmọ.

Ẹ gbé e sórí itan kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kì í ṣe imú, torí olùtà ti nu imú. Ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì wò nínú, lápá ibi tó fi ń nu ojú. Bí irun ibẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, tó gan bí irun tí àtẹ̀ gbẹ mọ́, ẹran yẹn ti ń sín, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ nu ikun láti ọjọ́ púpọ̀. Ẹ dá a padà. Ẹ wonú etí: èépá tó le bí èèpo igi, kòkòrò kúrúnà ni. Ẹ wo orí imú àti ẹnu ìka ẹsẹ̀ fún èépá funfun, kúrúnà náà ni. Ẹ ká ètè rẹ̀: eyín òkè gbọ́dọ̀ bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Eyín ehoro kì í yé hù títí dọjọ́ ikú, ìfọwọ́kan òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́. Bí wọn ò bá pàdé, wọ́n á gùn títí wọ́n á fi gún un lẹ́nu. Abẹ́ ìrù gbọ́dọ̀ gbẹ. Fún ti ìwà rẹ̀, ẹ rọra na ọwọ́ sínú àgò kẹ́ ẹ sì dúró. Èyí tó kọ́kọ́ sá tó tún padà wá gbóòórùn ni ti àwọn ọmọ. Èyí tó ká kò sígun tí kò mira rárá ń ṣàìsàn, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rù ti bà á jù.

Abo méjì tí ìyá kan náà bí ló dáa jù, torí ehoro kì í fẹ́ dá gbé. Akọ méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí wọ́n bá ti pé oṣù 3 sí 4, ìdí ẹpọ̀n ni wọ́n sì ń bá ara wọn jẹ. Akọ kan àti abo kan? Ọjọ́ 30 sí 32 ni oyún, abo sì lè gba oyún mìíràn lọ́jọ́ tó bímọ gan-an. Kí ọdún tó yí po, ẹ ti di olóko ehoro láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ má gba ẹnu olùtà gbọ́. Ẹ ní kó dì í mú, kó fi ìka méjì rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀: bí ohun tó yọ bá rí roboto tó ní ihò lórí, akọ ni, bó bá là gbọọrọ, abo ni. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ṣì ń ṣì í mọ̀, torí náà ẹ tún un yẹ̀ wò ní oṣù kẹta. Ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láì gba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú èyí tó ti ń jẹ, torí ikùn ehoro kì í gba ìyípadà òjijì. Ọjọ́ 7 sí 10 ni kẹ́ ẹ fi máa da tuntun pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ilé rẹ̀ ni kí káfíńtà ti parí kẹ́ ẹ tó lọ mú un. Fún méjì, kí àgò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kó fẹ̀ tó 2, kó ga tó 2. Tí àyè ò bá gbà, 4 ni kó kéré mọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tú wọn sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán lóòjọ́ nínú yàrá tàbí àgbàlá tó ní ọgbà. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Wáyà olójú ìdajì ìǹṣì ni kó fi ṣe ògiri. Èyí tí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ejò kékeré á wọlé. Kó má ṣe fi wáyà ṣe gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀. Kí ìdajì jẹ́ wáyà tí ìgbẹ́ á máa bọ́ gba ibẹ̀, kí ìdajì jẹ́ pákó dídán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gìgísẹ̀ wọn á bó, á di egbò. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má fi oògùn ikán kun pákó tí ehoro lè gé jẹ, torí gbogbo igi ni wọ́n ń gé. Ẹ fi ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú wà nínú rẹ̀. Ìjàlọ ò ní í gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ìjàlọ bá ti wọlé adìẹ rẹ̀ lóru mọ ohun tí mò ń sọ.

Ooru máa ń pa ehoro gan-an ní agbègbè yín. Ehoro kì í làágùn bíi tiwa, etí gígùn yẹn ló fi ń lé ooru jáde. Láàárín 15 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń gbádùn. Tó bá ti kọjá 30, ìyọnu ti dé. Orí páànù lásán á sọ àgò di ààrò. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko gbígbẹ bò ó nípọn, kẹ́ ẹ sì gbé e sábẹ́ igi tí òjìji rẹ̀ wà ní ọ̀sán. Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí kò gba iná mọ̀nàmọ́ná ni ìkòkò amọ̀ ńlá tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́: ẹ fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àgò, kẹ́ ẹ da àpò tí ẹ rẹ sómi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ á tutù, ehoro á sì rí ibi sá pa mọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń mí gúlegúle, tí etí rẹ̀ pọ́n tó gbóná, tí omi wà ní imú rẹ̀, ẹ gbé e sí òjìji, kẹ́ ẹ fi omi tútù díẹ̀ ra etí rẹ̀. Omi yìnyín kọ́, ẹ má sì rì í sómi. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni: ẹ fi àpò bo apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wá lóru.

Koríko ni oúnjẹ, ìyókù jẹ́ àfikún. Eèsún tí kò tíì gbó, yúnyún, ewé ọ̀dùnkún, kí òkìtì ọjọ́ kan tóbi tó ara ehoro fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sójú afẹ́fẹ́ fún wákàtí kan títí ìrì á fi gbẹ, torí koríko tútù rinrin ń mú ikùn wú. Ẹ bi ẹni tó ni oko léèrè kẹ́ ẹ tó gé etí oko rẹ̀: oògùn apakoríko ti gbòde, ewé tí wọ́n fín láàárọ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ lọ́sàn-án. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé, ẹ má fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tòmátì àti ewé píà. Oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń tà nínú àpò, gíráàmù 25 fún kílò kan ara rẹ̀ ló tó lóòjọ́ fún àgbà, èyí tó jẹ́ gíráàmù 50 fún ehoro kílò 2. Ẹ̀kúnwọ́ gààrí, búrẹ́dì, bisikíìtì àti ẹ̀pà tí àwọn ọmọ máa ń jù sí i ló ń fa ikùn wíwú. Ehoro kò lè bì, ohun tó bá ti wọlé ti wọlé. Abọ́ omi, amọ̀ tàbí irin tó wúwo ni, kí wọ́n má baà dà á nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ba àwọn ọmọ bí wọ́n bá rí i tó tẹ orí bọ ìdí, tó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tó ń dán. Ìgbẹ́ alẹ́ nìyẹn, èròjà ṣì wà nínú rẹ̀, ó ní láti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá jẹ́ ká mú un mọ èèyàn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ, omi, ká lọ. Èyí ló nira jù fún ọmọ, torí ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń fẹ́ wá wò ó. Ẹ ti géètì. Láti ọjọ́ kẹrin, kí ọmọ ọdún 11 jókòó sílẹ̀ nídìí àgò fún ogún ìṣẹ́jú lásìkò kan náà lójoojúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀. Kó máa ka ìwé rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, kó má wo ehoro lójú. Ohùn ọmọ náà ló ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹfà tàbí ìkeje, kó fi ewé ọ̀dùnkún kan gba ojú wáyà, kó di ìdí rẹ̀ mú, kó má mira. Ehoro á na ọrùn, á já ewé, á sá. Lọ́jọ́ kejì á jẹ ẹ́ níbẹ̀ láì sá. Ìgbà yẹn lẹ máa ṣí ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àtẹ́lẹwọ́ ló máa wọlé, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́, láti ẹ̀gbẹ́, kó lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé lórí rẹ̀. Bó bá ti ń jẹ, kí ìka méjì fọwọ́ ra iwájú orí rẹ̀, láàárín ojú sí ìdí etí. Ibẹ̀ ni ehoro ń lá fún ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Àyà, ikùn àti ẹsẹ̀ ò tíì yá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá tí ẹ ti yọ wáyà iná kúrò, kí àwọn ọmọ jókòó tàbí kí wọ́n dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn àgò kó jáde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé e. Á gbóòórùn ẹsẹ̀ wọn, á fi àgbọ̀n pa wọ́n: àmì ìní rẹ̀ ló ń fi sí wọn lára. Lọ́jọ́ tó bá gun itan ọmọ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ti parí ní ìdajì.

Gbígbé ló kẹ́yìn, kì í sì í tètè dé bí àwọn ọmọ ṣe fẹ́. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kẹ́ ẹ gbé e mọ́ àyà kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí ibi tẹ̀. Etí kọ́ ni ọwọ́ ìgbámú o! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára ju eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ: bó bá rọ̀ lófuurufú tó sì tapá, eegun á ṣẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á rọ, kò sí àtúnṣe. Torí náà, ọmọ tó bá máa gbé e gbọ́dọ̀ ti jókòó sílẹ̀. Ti ọmọ ọdún 4 ni ìka méjì lórí iwájú orí, kí àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 7 lè bu omi, kó sì fún un ní ewé. Ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ẹ má fi ẹ̀mí ẹran sọ́wọ́ ọmọ.

Kí wọ́n kọ́ èdè rẹ̀. Tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, ó ń kìlọ̀ pé ewu ń bọ̀. Tó bá na ara gbọọrọ, tó ń lọ eyín jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jẹ ìyọ̀ lábẹ́ ahọ́n, ó ń gbádùn. Tí ìlọ eyín bá le tí ó sì ká kò, ìrora ni. Bó bá bu ọmọ jẹ tàbí tó fi èékánná ya á, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ọmọ pé. Ẹ má na ehoro náà. Ìgbá kan lè da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nù.

Ehoro tí kò jẹun láàárín wákàtí 12, tí kò sì ṣu, ẹ má dúró dọ̀la. Ifun rẹ̀ ti dúró. Ẹ lè bi àwọn tó wà nídìí ẹran ọ̀sìn nílùú yín nípa dókítà ẹran tó mọ ehoro. Ẹ má sáré bu oògùn ilé fún un: ampicillin tàbí amoxicillin tí à ń fún ọmọ máa ń pa kòkòrò rere inú ifun ehoro, gbuuru ni yóò sì fi kú. Kúrúnà, ivermectin ni dókítà máa fún un lábẹ́rẹ́, á sì tún un fún un lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Oògùn eégbọn ajá tó ní fipronil nínú, májèlé ni fún un. Bí irun rẹ̀ bá jẹ ní roboto, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò, làpálàpá lè ti ara rẹ̀ ran wọn.

Èékánná ni ẹ máa gé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, pẹ̀lú ohun tí ẹ fi ń gé ti ọmọ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti abẹ́, ẹ máa rí iṣan pupa nínú rẹ̀. Ẹ gé e kó ku bíi mìlímítà 3 kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.